Nígbà tí Hangul Wọ Erékùṣù Buton: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Èdè Cia-Cia

Ní oṣù Keje ọdún 2009, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àgbègbè Sorawolio, nílùú Bau-Bau, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, àwọn ọmọ bíi 40 sí 50 ṣí ìwé kíkà tuntun. Èdè abínibí wọn, Cia-Cia, ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Hangul, lẹ́tà ilẹ̀ Kòríà, ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn náà fi gba ayé kan. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ẹ̀yà kan tí kò ní lẹ́tà ti rí lẹ́tà gbà lọ́wọ́ àwọn ará Kòríà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2012, ìròyìn mìíràn ti gbòde, pé iṣẹ́ náà ti dojú dé. Àbùmọ́ wà nínú ìròyìn méjèèjì.

Àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ yìí sábà máa ń dá Hangul lẹ́bi. A ò bá wọn gbà. Tí a bá fi ojú àkọtọ́ wò ó, Hangul gba Cia-Cia dáadáa. Olùkọ́, owó, kíbọọ̀dù fóònù, àti èdè tí ìyá fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé ló ṣòro, wọn ì bá sì ṣòro bákan náà ká ní lẹ́tà Látìn ni wọ́n lò.

Àwọn tó ni èdè náà

Buton jẹ́ erékùṣù kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Sulawesi. Àwọn oníṣòwò mọ̀ ọ́n nítorí ọ̀dà títì tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ibẹ̀. Bau-Bau ni ìlú tó tóbi jù níbẹ̀. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka nǹkan bí 159,000 ènìyàn nínú rẹ̀. Àwọn Cia-Cia nìkan kọ́ ló ń gbé inú ìlú náà o. Àwọn Wolio wà níbẹ̀, àwọn Muna wà níbẹ̀, àwọn Bugis àti àwọn tó ti erékùṣù Tukang Besi wá náà wà níbẹ̀. Èdè tí gbogbo wọn fi ń nájà ni èdè Indonéṣíà. Iye tí wọ́n sábà máa ń dá fún àwọn tó ń sọ Cia-Cia jẹ́ nǹkan bí 80,000, ọ̀pọ̀ wọn sì ń gbé abúlé gúúsù erékùṣù náà, ní ìhà Sampolawa àti Wabula, àti ní erékùṣù Binongko. Sorawolio tí gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ kò ju igun kan lọ nínú ilẹ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, a ó sì padà sí i.

Ẹbí èdè Austronesia ni Cia-Cia ti wá, ẹbí tó na ara rẹ̀ láti Madagascar dé Hawaii àti Rapa Nui. Wọ́n ń pe márùn-ún ní *lima* ní Cia-Cia. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é ní èdè Malay àti ní Hawaii, *dimy* sì ni ní Madagascar. Nínú ẹbí ńlá yìí, ẹ̀ka Muna-Buton ni ti Cia-Cia. Wolio tí wọ́n jọ ń gbé ilẹ̀ kan kò sí lára ẹ̀ka yẹn.

Wolio ni èdè ààfin. Ìjọba Sọ́táánì wà ní Buton títí di ọdún 1960, tí Sọ́táánì tó jẹ kẹ́yìn papòdà. Wọ́n ń fi lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n tún ṣe kọ èdè ààfin náà, wọ́n ń pè é ní Buri Wolio: ìwé òfin, ewì ẹ̀sìn, lẹ́tà láàárín àwọn ìjòyè. Ẹni tó bá mọ bí àwọn aláàfáà wa ṣe ń fi ajami kọ Yorùbá kí lẹ́tà Látìn tó gbilẹ̀ yóò mọ irú ìwé tí à ń wí. Nítorí náà, irọ́ ni pé àwọn ará ilẹ̀ náà kò mọ ìwé kíkọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìwé ààfin ni, àwọn ará abúlé tó ń sọ Cia-Cia ni kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Onímọ̀ èdè René van den Berg náà ti fi lẹ́tà Látìn kọ àkọsílẹ̀ nípa Cia-Cia jáde ní ọdún 1991. Kò sì sí ẹni tó parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Indonéṣíà tí kò lè fi lẹ́tà Látìn tó kọ́ níbẹ̀ kọ orúkọ abúlé rẹ̀ tàbí oríkì bàbá rẹ̀. Ohun tí Cia-Cia kò ní nígbà náà ni àkọtọ́ tí gbogbo ènìyàn fọwọ́ sí àti ìwé tí ọmọdé lè kà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé Sorawolio

Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ èdè àti àwọn olówó kan ní Seoul dá Ẹgbẹ́ Hunminjeongeum sílẹ̀. Orúkọ ìwé tí Ọba Sejong fi kéde Hangul ní ọdún 1446 ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà. Èrò wọn ni láti fi lẹ́tà yìí ta àwọn èdè tí kò ní àkọtọ́ lọ́rẹ. Mẹ́yọ̀ Bau-Bau nígbà náà, Amirul Tamim, gbà wọ́n láyè, wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní ọdún 2008. Ọ̀jọ̀gbọ́n Lee Ho-young ti Yunifásítì Ìjọba ní Seoul àti olùkọ́ ọmọ Cia-Cia kan tó ń jẹ́ Abidin ló jókòó ti ìwé kíkà àkọ́kọ́. Ìtàn ilẹ̀ Buton, ọ̀rọ̀ àṣà àti ẹ̀kọ́ kíkọ lẹ́tà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi àlọ́ Kòríà kan kún un.

Ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń retí yàtọ̀ sí ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Iyì lẹ́tà wọn lójú ayé ni àwọn ará Seoul ń wá. Ìjọba ìlú Bau-Bau ń wo ilé àṣà tí wọ́n gbọ́ pé Kòríà yóò kọ́, wọ́n ń wo arìnrìn-àjò afẹ́ àti olókòwò. Àwọn òbí ń wo iṣẹ́: ọmọ tó bá mọ èdè Kòríà lè rí iṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Kò sí èyí tó burú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó sọ pé kí ọmọ kan lè ka Cia-Cia dáadáa nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 15.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́

Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ síbí díẹ̀, torí ibi tí àwọn alátakò ti máa ń sọ̀rọ̀ láìwo ìwé rèé.

Hangul ní ẹ̀yà mẹ́ta fún àwọn kọ́ńsónáǹtì ìsénu: lásán (ㄱ ㄷ ㅂ), oníbejì (ㄲ ㄸ ㅃ), àti èyí tí èémí ń tú tẹ̀lé (ㅋ ㅌ ㅍ). Èémí kì í tú tẹ̀lé *p*, *t* àti *k* Cia-Cia. Àwọn tó ṣe àkọtọ́ náà wá fún wọn ní lẹ́tà oníbejì: ㅃ ni *p*, ㄸ ni *t*, ㄲ ni *k*. Wọ́n fi lẹ́tà lásán sílẹ̀ fún *b*, *d* àti *g*. Lẹ́tà eléèémí kò rí iṣẹ́ ṣe rárá, wọ́n yọ wọ́n kúrò. ㅉ ni wọ́n fi kọ *c*, ìyẹn ni orúkọ èdè náà fi di 찌아찌아. Fáwẹ̀lì márùn-ún ni Cia-Cia ní, *a e i o u*, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì rí lẹ́tà kan gbà: ㅏ ㅔ ㅣ ㅗ ㅜ. Yorùbá náà mú *p* Látìn, ó fi kọ ìró tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Ẹni tó bá yá lẹ́tà ló ń pinnu ohun tí lẹ́tà yóò máa wí.

Ìró *l* àti *r* ló gba ọgbọ́n. Lẹ́tà kan ṣoṣo, ㄹ, ni èdè Kòríà ní fún méjèèjì. Ní Cia-Cia, wọ́n ṣe é báyìí: ㄹ kan láàárín fáwẹ̀lì méjì jẹ́ *r*, méjì, ọ̀kan ní ìdí sílébù, èkejì ní orí èyí tó tẹ̀ lé e, jẹ́ *l*. Mẹ́ta ń jẹ́ *tolu*, wọ́n sì ń kọ ọ́ ní 똘루. Méjì ń jẹ́ *rua*, 루아 ni. Ọ̀rọ̀ kan wà, *seringpali*, tó túmọ̀ sí lemọ́lemọ́. Nínú 세링빨리 ẹ ó rí *r* kan, ẹ ó rí *l* kan, ẹ ó sì rí *p* oníbejì.

Tí *l* bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ńkọ́? Kò sí sílébù kankan níwájú tí yóò gbé ㄹ àkọ́kọ́. Wọ́n á wá fi 으 tí a kì í pè ṣáájú, *lima* á sì di 을리마. Sílébù méjì ni ẹnu ń pè, àmì mẹ́ta ni ojú ń rí. Bí *r* bá sì wà ní ìdí ọ̀rọ̀, fáwẹ̀lì òfo ㅡ kan náà ni wọ́n máa ń fi tì í lẹ́yìn. Òfin yìí rọrùn láti ṣàlàyé, ọmọ tó bá ti ṣe é fún oṣù díẹ̀ kì í ṣì í mọ́. Wàhálà rẹ̀ ni pé olùkọ́ tó wá láti Kòríà yóò máa pe ㅡ yẹn jáde, nítorí pé ìró gidi ni lédè tirẹ̀, àwọn ọmọ á sì máa pè é bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. Ìdí kan nìyí tó fi yẹ kí ọmọ Cia-Cia jẹ́ olùkọ́ kíkà láti ọjọ́ kìíní, kí ará Kòríà jẹ́ olùrànlọ́wọ́.

Fún ìró *v*, Hangul òde òní kò ní nǹkan kan. Wọ́n wá lọ hú lẹ́tà àtijọ́ kan tí àwọn ará Kòríà ti pa tì láti ọ̀rúndún karùn-ún-dín-lógún, ㅸ. Inú àwọn ọ̀mọ̀wé dùn sí i gan-an. Lójú tiwa, ìpinnu yìí ló ná iṣẹ́ náà lówó jù, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀.

Ibi kan tí àkọtọ́ náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ìró tí ọ̀fun máa ń sé pa láàárín fáwẹ̀lì méjì. Mẹ́rin ń jẹ́ *pa'a*, ọ̀fun sì máa ń sé láàárín *a* méjèèjì. 빠아 ni wọ́n ń kọ. Mẹ́sàn-án ń jẹ́ *siua*, 시우아 ni wọ́n ń kọ. Àmì òfo kan náà, ㅇ, ló wà nínú méjèèjì. Ẹni tó gbọ́ èdè á pè wọ́n bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń fi ìwé náà kọ́ èdè kò lè mọ ibi tí ọ̀fun ti ń sé. Bí èdè bá ti ń bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọdé, irú àlàfo bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí ó ti há

Olùkọ́ ni àkọ́kọ́. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tí kò tó ka lórí ọwọ́ kan. Ní ọdún 2010 ni Chung Deok-young, ará Kòríà, dé Bau-Bau, òun ni orúkọ rẹ̀ sì ti so mọ́ ẹ̀kọ́ náà jù láti ìgbà yẹn, owó àwọn ọlọ́rẹ ni ó sì fi ń ṣe é. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń rìn láti ilé-ẹ̀kọ́ kan dé òmíràn lè mú kí ẹ̀kọ́ wà láàyè, kò lè sọ ọ́ di ètò. Olùkọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ìbílẹ̀ ń tọ́ jáde lọ́dọọdún ló ń sọ ọ́ di ètò, kò sì sí ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tó ń fi Hangul kọ́ni ní Cia-Cia.

Èkejì ni owó. Ní oṣù Kìíní ọdún 2012, wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ Ọba Sejong sí Bau-Bau, irú èyí tí ìjọba Kòríà máa ń ṣí káàkiri ayé láti fi kọ́ àwọn àjèjì ní èdè Kòríà. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti tì í nítorí àìsí owó. Ìgbà yẹn ni ìròyìn tàn pé Cia-Cia ti fi Hangul sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n tì yẹn, èdè Kòríà ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ Cia-Cia ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ nǹkan ọ̀tọ̀, ó sì ń bá a lọ níwọ̀n tirẹ̀. Àwọn oníròyìn kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ká má purọ́, àwọn olùṣètò pàápàá kò yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ Hangul ti ọwọ́ ará Kòríà wá, kò pẹ́ kó tó máa yọ́ di ẹ̀kọ́ èdè Kòríà. Akẹ́kọ̀ọ́ girama fẹ́ bẹ́ẹ̀, òbí fẹ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ sì mọ èyí kọ́ni ju tọ̀hún lọ.

Ẹ̀kẹta ni ìjọba. Èdè Indonéṣíà nìkan ni òfin orílẹ̀-èdè náà mọ̀ sí èdè ìjọba, ṣùgbọ́n òfin nọ́ńbà 24 ti ọdún 2009 di ìtọ́jú èdè ìbílẹ̀ ru ìjọba ìbílẹ̀, àyè sì wà nínú ètò ẹ̀kọ́ fún iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní *muatan lokal*, ẹ̀kọ́ àdúgbò. Abẹ́ àyè yẹn ni Cia-Cia gbà wọlé. Wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni, kò sì sí ìdánwò orílẹ̀-èdè kankan tó bi ọmọ léèrè rẹ̀. Ní ọdún 2010, aṣojú Indonéṣíà ní Seoul sọ ọ́ gbangba pé lẹ́tà Látìn tó fún Cia-Cia, pé kò sídìí fún lẹ́tà àjèjì. Mẹ́yọ̀ kan lè ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Jakarta ni ọ̀pọ̀ owó ẹ̀kọ́ ti ń wá.

Ẹ̀ka-èdè tún wà níbẹ̀. Ibi tí àwọn kan ti ń pe méjì ní *rua*, àwọn mìíràn ń pè é ní *ghua*. Ibi tí àwọn kan ti ń pe ení ní *dise*, *ise* ni tàwọn ẹlòmíràn. Ti Sorawolio ni ìwé náà gbé kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn elédè ń gbé gúúsù, apá kan níbẹ̀ sì ti di ẹkùn ìjọba ọ̀tọ̀ (*kabupaten*), Gúúsù Buton, láti ọdún 2014. Mẹ́yọ̀ Bau-Bau kò ní àṣẹ kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ibi tí èdè ti gbilẹ̀ jù ni ìwé kò dé.

Wàyí o, ㅸ. Kọ̀ǹpútà kì í to lẹ́tà Hangul ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Odidi sílébù 11,172 ni Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, ti dì sílẹ̀ fún èdè Kòríà, láti U+AC00 títí dé U+D7A3. Kò sí ọ̀kan tó ní ㅸ nínú wọn. Láti kọ *vi* tó wà nínú *televisi*, o ní láti fi U+112B (ㅸ) àti U+1175 (ㅣ) lé ara wọn, kí fọ́ǹtì tó mọ Hangul àtijọ́ sì so wọ́n pọ̀: 뗄레ᄫᅵ시. Tí fọ́ǹtì kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á tú ká, tàbí kí àpótí òfo hàn. Kíbọọ̀dù Kòríà tó wà lórí fóònù kò ní bọ́tìnì rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fi ㅸ àdáwà, U+3178, tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn tó fi U+112B wá a kò ní rí i, nítorí lójú ẹ̀rọ, nǹkan méjì ni wọ́n. Ẹni tó bá ti tẹ *ẹ́* tàbí *ọ́* rí, tí àmì ohùn fò sẹ́yìn lẹ́tà, mọ ìyà yìí: Unicode kò dì *ẹ́* pọ̀ fún Yorùbá náà, U+1EB9 àti U+0301 ni à ń fi lé ara wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Yorùbá tí kò ní àmì ṣì ń kà. Cia-Cia tí kò ní ㅸ ní láti fi ㅂ dípò, *v* àti *b* á sì dà pọ̀.

Àbájáde rẹ̀ ni pé ọmọ tó mọ Hangul kọ dáadáa sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ á dé orí WhatsApp, á fi lẹ́tà Látìn kọ gbogbo ohun tó ń kọ. Ká ní wọ́n ti lo àmì kan tó ti wà lórí kíbọọ̀dù tẹ́lẹ̀ fún *v*, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà eléèémí tí kò ríṣẹ́ ṣe, bí àpẹẹrẹ ㅍ, ìdínà yìí kì bá tí sí. Àwọn tó ń polongo ábídí Odùduwà fún Yorùbá lónìí ń lọ sí oríta kan náà, àmọ́ tiwọn le ju èyí lọ, torí gbogbo lẹ́tà tiwọn ni kò ní àyè nínú Unicode.

Ọ̀rọ̀ ilé ló kù. Ọmọ Buton ń kọ́ lẹ́tà Látìn fún ìdánwò, ó ń kọ́ Lárúbáwá fún Kùránì, torí Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, ó tún wá ń kọ́ Hangul fún èdè ìyá rẹ̀. Mẹ́ta kò pọ̀ jù fún orí ọmọdé. Ọmọ ilé-kéwú ní Ìlọrin ń kọ́ méjì láìṣàárẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ náà kò lè ka ẹ̀kẹta. Kò lè ràn án lọ́wọ́ nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá, kò lè mọ̀ bóyá ohun tí ọmọ kọ tọ̀nà. Bí ọmọ bá sì jáde ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kò sí ìwé ìròyìn, kò sí ìwé ìtàn, kò sí ìwé ìwàásù tó fi lẹ́tà náà kọ tí yóò máa kà. Nínú ìlú, àwọn òbí tí èdè wọn kò bára mu ń fi èdè Indonéṣíà tọ́ ọmọ. Kò sí àkọtọ́ tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ohun tó wà nílẹ̀ báyìí

Hangul kò tán ní Sorawolio. Ó wà lára pátákó orúkọ òpópónà àti ti ilé-ẹ̀kọ́, abúlé Karya Baru sì ti di ibi tí àlejò ń lọ ya fọ́tò, wọ́n ń pè é ní *Kampung Korea*, Abúlé Kòríà. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan, àwọn olùkọ́ ọmọ ìbílẹ̀ sì ti wà nídìí rẹ̀.

Tí a bá ní ká gba ẹnikẹ́ni tó fẹ́ tẹ̀síwájú níbẹ̀ nímọ̀ràn, ohun àkọ́kọ́ tí a ó béèrè ni kíbọọ̀dù Cia-Cia fún Android, tó ní ㅸ lójú kan náà pẹ̀lú ㅂ, tí á sì máa fi U+112B nìkan ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ìwé tí ojú ewé òsì rẹ̀ jẹ́ Látìn, tí ọ̀tún jẹ́ Hangul, kí ìyá lè kà á pẹ̀lú ọmọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n gbé ìwé náà lọ sí Sampolawa àti Wabula, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n tó tẹ ìkejì jáde. Ìwé atúmọ̀ tó ní Hangul àti Látìn pa pọ̀ yóò wúlò ju pátákó òpópónà mẹ́wàá lọ. Èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìmọ̀ràn wa, òun ló sì nira jù, ni kí ìjọba ìbílẹ̀ fi owó oṣù olùkọ́ Cia-Cia méjì, ó kéré tán, fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìnáwó tirẹ̀, kí ẹ̀kọ́ náà má baà máa dúró de ẹni tí yóò wọkọ̀ òfuurufú láti Seoul.